Ẹ Kú Uṣẹ́ ní Nagóyà

Ọjọ́ kọkànlá rèé tí Màmá Ifátóyìn ti Ifisin-Èkìtì wá wo Ìtùnú ọmọ rẹ̀ ní ìlú Nagóyà, lọ́dọ̀ àwọn ará Japan, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì ń fà. Ìtùnú ní níbí, wọn kì í kí ẹni tí wọn kò mọ̀. Bí Màmá bá tún lọ pariwo mọ́ ará àdúgbò, òun yóò yí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, Màmá yóò sì padà sílé láìpé oṣù.

"Yí i lónìí," ni Màmá wí. Ó wé gèlè, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó jáde. Ẹni tó tọ́ ọmọ mẹ́fà, ta ni yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń rìn ládùúgbò?

Àdúgbò náà mọ́ tónítóní, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ̀rọ tó ń ta ohun mímu dá dúró lẹ́bàá ọ̀nà, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Agbòòrùn wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, olè kò gbé e. Wọ́n tilẹ̀ da àwọ̀n bo ìdọ̀tí kí ẹyẹ má baà tú u. Màmá gbà fún wọn, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn máa ṣiṣẹ́, kí a gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìsọ nǹkan kan, ìyẹn kò wọ̀ ọ́ létí. Ní Ifisin, bí ọ̀tá ẹni bá ń kọ ebè, a ó kí i ná kí a tó máa bá ìjà wa lọ.

"Ẹ kú uṣẹ́ o!" ó kí obìnrin tó ń sá tìmùtìmù sóòrùn. Obìnrin náà sá wọlé. "Ẹ kú uṣẹ́ o!" ó kí ọlọ́pàá orí kẹ̀kẹ́. Ìyẹn bojú wẹ̀yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ forí sọ òpó iná.

Bàbá arúgbó kan ń gbá ewé níwájú ilé rẹ̀. Àràárọ̀ ni Màmá ń kí i, kò sì dáhùn rí. Ó tún kí i. Ibẹ̀ ni Ìtùnú sáré bá a, tó bẹ̀rẹ̀ sí tẹrí ba fún bàbá náà, tó ń fi èdè wọn bẹ̀bẹ̀.

"Kí ni mo jí tí o ń bá mi bẹ̀bẹ̀?" Inú bí Màmá gan-an. "Dá mi padà sí ulé! Bí mo bá dé pápákọ̀ òfurufú, n óò kí àwọn tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀!"

Bàbá náà fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó bá Ìtùnú sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ìtùnú wolẹ̀.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ọdún mẹ́rin ni mo ti ń gba ibí lọ síbi iṣẹ́. Ó ní òní lòun kọ́kọ́ gbọ́ ohùn mi."

Àánú ọmọ rẹ̀ ṣe Màmá, ojú sì tì í. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin.

"Kí i," ó wí. "A ò ní kúrò níbí títí o óò fi kí i."