Ogójì Ìkòkò Lẹ́yìn Ọkọ̀

Kí ló dún yẹn? ... Ó dún. Rárá, kò dún. Àbí àyà mi ló ń lù? Ogójì ìkòkò ń bẹ lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù mi yìí, koríko gbígbẹ la fi há wọn láàárín. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi — ìyàwó mi, amọ̀kòkò tí kì í gba ìgbàkugbà — n kò sì jẹ́ wo ojú rẹ̀. Títì ni mò ń wò. Kí n ṣáà máa wo títì.

"Ẹ̀ẹ̀kan yìí péré o, Bàbá wọn." Ohun tó sọ láàárọ̀ nìyẹn. "Bí ẹyọ kan bá fọ́, àbúrò yín ni yóò máa bá mi kó o lọ." Àbúrò mi! Ẹni tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ní ọkọ̀ wíwà! Oṣù mẹ́jọ ló fi ń kó ìkòkò ìyàwó mi kọjá lójú mi, á tún fọn fèrè, pé ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Kí ló dáa nínú àárọ̀ náà?

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ta ni? Ẹ̀bi mi ni. Nígbà tí sípíríǹgì ẹ̀yìn wọlẹ̀ lápá ọ̀tún, mo gé rọ́bà táyà, mo fi há a lábẹ́. Rọ́bà! Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. A dé ojú irin rélùwéè, a gùn ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìkòkò méje fọ́. Méje. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní, "Bàbá wọn, mo fẹ́ràn yín o, ṣùgbọ́n ìkòkò mi ò fẹ́ràn ọkọ̀ yín." Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó dùn mí dé eegun.

Dúró... kòtò... a ti kọjá rẹ̀. Kò dún. Kí ló dé tí kò dún? Ọkọ̀ tí mo mọ̀ máa ń ké bí àgbàlagbà tó fẹ́ dìde lórí àpótí. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ń bà mí lẹ́rù ju ariwo lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí...

Iṣẹ́ Má-kánjú ni. Oní-sípíríǹgì tí gbogbo awakọ̀ ń pè ní Má-kánjú, ọjọ́ mẹ́ta ló fi dá mi lóró. "N kì í tún ọkọ̀ òfìfo ṣe, ọ̀gá. Ẹ lọ gbé ẹrù wá." Ẹrù wo? "Yanrìn tó wúwo tó ìkòkò ìyàwó yín." Bí èmi bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin ṣe ń di yanrìn sápò nìyẹn, tí mò ń rù ú sọ́kọ̀. Ó fi pẹlẹbẹ irin kan kún sípíríǹgì ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó pààrọ̀ ṣọ́kì méjèèjì, èyí tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò sókè sódò. Ó na ọwọ́, ó wọn àlàfo tó wà láàárín táyà àti ara ọkọ̀. Mo ní kó fi irin méjì sí i. Ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀. "Bó bá rọ̀ jù, ẹrù á tẹ̀ ẹ́. Bó bá le jù, á máa ta ẹrù sókè. Ìkòkò lẹ fẹ́ kó ni, àbí òkúta?"

Kọ́nà nìyí. Rọra... Yéè! Kí ni mò ń ṣe? Ọwọ́ mi ló ń fa ọkọ̀ sósì fúnra rẹ̀! Ó lé lóṣù mẹ́jọ tí ọkọ̀ yìí ti ń fà sọ́tùn-ún, tí mo sì ń fà á padà. Ọkọ̀ ti gún, ọwọ́ mi ni kò tíì gbọ́. Dẹ ọwọ́, ọkùnrin yìí. Dẹ̀ ẹ́... Wò ó! Wò ó bó ṣe ń lọ gbọọrọ! Ìka méjì ni mo fi di sítíárìn mú. Ìka méjì, pẹ̀lú ẹrù! Háà, ayé yìí dùn.

Má tíì yọ̀. Ojú irin wà níwájú.

Ibí gan-an ni méje ti fọ́. Ṣé kí n dúró ni? Kí n ní kí Ìyá wọn sọ̀ kalẹ̀? Yóò ní ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí lóòótọ́. Jíà kìíní. Rọra, rọra, ọkọ̀ mi... táyà iwájú gùn ún — dìm — ó sọ̀. Ó ku ẹ̀yìn. Olúwa, ẹ̀yìn... Ó gùn ún. Ó tẹ̀. Ó gbé ara rẹ̀ nílẹ̀, ó jókòó jẹ́ẹ́.

Ó parí bí? Mo tẹ́tí. Kò sí ìró àpáàdì kankan.

Ogójì! Ogójì ṣì ni wọ́n! Àbúrò mi, wá wò ó o! Má-kánjú, orí ẹ pé! Ẹ̀rín ń pa mí, omi ń dà lójú mi, inú mi ń dùn bí ẹni pé kò ní bàjẹ́ mọ́. Ìyá wọn, o gbọ́? O ò gbọ́ nǹkan kan, àbí? Ohun tí mo fẹ́ wí nìyẹn. Mo ti yí ọrùn sí i. Mo ti la ẹnu.

Orí rẹ̀ ti yẹ̀ sára fèrèsé. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Láti ìgbà wo? Ṣé ká tó dé kọ́nà ni? Obìnrin tí kò dijú rí nínú ọkọ̀ yìí láti ọjọ́ tí mo ti rà á... ó gba orí irin kọjá, kò mọ̀. Kò mọ̀ rárá!

Mo pa ẹnu mi dé. Ta ni mo tún fẹ́ fọ́nnu fún? Ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ tún ọkọ̀ ṣe ló ń hanrun yìí — kí ló tún kù tí mo fẹ́ kó sọ?