Àsíá Tó Bo Pósí

Nígbà tí ìjọba tuntun pààrọ̀ àsíá orílẹ̀-èdè, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ti àtijọ́ lọ́wọ́ kó o wá, àwọn máa sun ún. Ìyá alágbàfọ̀ gbọ́, ó tẹjú mọ́ aṣọ tó ń lọ̀ bí ẹni pé òun kọ́ ni wọ́n ń bá wí.

Ogun ló pa ọkọ rẹ̀. Àsíá àtijọ́ yẹn ni wọ́n fi bo pósí rẹ̀ wálé, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i wò. Àsíá náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àbúrò ọkọ rẹ̀, tí òun máa ń pè ní Akọ̀wé torí pé káńsù ló ti ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n rán láti máa gba àsíá káàkiri àdúgbò. Ó wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún mi. Wọ́n á ti ibí yìí pa."

"Akọ̀wé, ṣé ẹ rí ojú ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n tó sin ín?"

Akọ̀wé wolẹ̀.

"Èmi náà ò rí i. Aṣọ yìí ni mo dì mọ́ra dípò rẹ̀. Àwọn tó rán yín lè yan àwọ̀ tó bá wù wọ́n. Wọn ò lè sọ pé ẹnikẹ́ni ò kú nítorí èyí."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó fọ àsíá náà, ó sì sá a síwájú ṣọ́ọ̀bù láàárín ṣẹ́ẹ̀tì àwọn oníbàárà. Àwọn tó ń kọjá ń dúró. Kò pẹ́ tí ọ̀gá ọlọ́pàá kan fi dé, Akọ̀wé ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta ló sá èyí?"

"Èmi ni. Kò tíì gbẹ."

Ẹnì kan nínú èrò rẹ́rìn-ín. Ojú ọlọ́pàá le, ó ní kí Akọ̀wé ká a. Akọ̀wé na ọwọ́, ó fọwọ́ kan án, ó sì fà sẹ́yìn.

"Ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fi bò. Mi ò ní lè ká a."

"O mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ nìyẹn?"

"Mo mọ̀, sà."

Ọlọ́pàá wo àwọn èèyàn tó ti yí wọn ká, kò sì fọwọ́ ara rẹ̀ kan aṣọ náà. Ṣọ́ọ̀bù ló tì. Ó ní ó di ìgbà tí obìnrin náà bá wá tọrọ àforíjì kí òun tó ṣí i.

"Ẹ máa pẹ́ lórí ìdúró," ni ìyá alágbàfọ̀ fi dá a lóhùn.

Ó gbé àsíá tútù náà kọ́ èjìká, ó gba àárín títì lọ sílé, omi ń kán tẹ̀lé e. Akọ̀wé, tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ru agbọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n jọ ń fọṣọ báyìí. Ẹni tó bá ń wá wọn kì í ṣìnà: ilé tí àsíá àtijọ́ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú fèrèsé rẹ̀ ni.