Ríbọ̀n Ara Igi Kànga

Láti àárọ̀ ni Nonie ti ń wọlé, tó ń jáde. Ó nu ilé orí táyà wọn, ó tún un nù. Ó gbé omi tíì kaná, ó gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Lọ́la ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún Dinny ọmọ rẹ̀ ní Dublin.

"Màámi, ẹ jókòó," Dinny wí láti orí ibùsùn. "Bẹ́ẹ bá ń rìn báyìí, ìbàdí tiyín ni wọ́n máa kọ́kọ́ tún ṣe."

Nonie ò rẹ́rìn-ín. Kékeré ni Dinny wà nígbà tí àrùn tó ń pa ọmọ àwọn ará ojú ọ̀nà bíi tiwọn, àwọn tó ń ṣí kiri ilẹ̀ Ireland, mú un. Mùdùnmúdùn eegun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni wọ́n fi gbà á là. Gbogbo ẹbí ní ó ti tán. Kò tán. Àrùn náà ti fọwọ́ ba eegun rẹ̀ kí ìwòsàn tó dé. Ìbàdí ń yẹ̀, orúnkún ń kọlu ara wọn, ẹ̀yìn ń tẹ̀. Bí wọn ò bá ṣiṣẹ́ abẹ yìí, kò ní pẹ́ tí kò fi ní lè rìn mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń da Nonie láàmú wà lára igi ẹlẹ́gùn-ún etí kànga mímọ́. Ẹni tọ́mọ rẹ̀ ń ṣàìsàn á so àkísà ọmọ náà mọ́ ọn. Bí àkísà bá ṣe ń jẹrà, bẹ́ẹ̀ làìsàn ń lọ. Nonie ò fẹ́ so àkísà fọ́mọ tirẹ̀. Ríbọ̀n náílọ́ọ̀nù tó rẹwà, tí kì í jẹrà, ló so nígbà náà. Ó ṣì ń dán níbẹ̀ títí dòní.

"Wọn ò ní fọ̀bẹ kàn ọ́ nígbà tí nǹkan yẹn ṣì wà níbẹ̀."

"Ẹ lọ tú u, kẹ́ ẹ jẹ́ á sinmi."

"Ẹni tó bá tú u ló máa gbé àìsàn yẹn lọ sílé."

Dinny fa ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. "Ẹ wá wa mọ́tò."

Òjò ń rọ̀ létí kànga. Nonie na ọwọ́, ó fà á padà, ó tún nà á.

"Ẹ yẹra, jàre," ni Dinny wí. "Àìsàn tèmi ni. Ṣé ó tún máa ràn mí ni?" Ó fi ọ̀bẹ tó fi ń gé pátákò ẹṣin gé ríbọ̀n náà, ó tì í bọ àpò.

Wọ́n wọ mọ́tò. Nígbà tí wọ́n dé oríta, Nonie ò yà sọ́nà ilé, ọ̀nà Dublin ló kọrí sí.

"Màámi, lọ́la ni wọ́n ń retí wa."

"Mo mọ̀."

"Aṣọ mi wà nílé."

"Bàbá ẹ á gbé e wá," ni Nonie wí, ó sì tẹ mọ́tò.