Ojú Tí Wọ́n Rán fún Ràmílátù

Ẹ wá gbọ́, kì í ṣe dókítà ló ń ba Ràmílátù lẹ́rù, ẹni tó bá a lọ ni. Mọ́síùrá, àbúrò ọkọ ẹ̀, ló tẹ̀lé e, torí Treichville ní Abidjan ni wọ́n bí i sí, Faransé sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ràmílátù tó ń ta abọ́ lọ́jà Adjamé Roxy, nọ́ńbà àti "dernier prix", ìyẹn iye ìkẹyìn, nìkan ló gbọ́. Kò sì lè pe Mọ́síùrá lórúkọ láyé, wọ́n ti bí i kó tó wọlé ọkọ. Ẹyinfúnjowó ló ń pè é.

Ojú ọ̀tún Ràmílátù ti ń ṣókùnkùn. Kataráàtì ni wọ́n pè é, dígí inú ojú ti funfun bí omi ògì. Màlúù ì bá dúró níwájú ẹ̀, á ní mọ́tò ni. Iṣẹ́ abẹ ló kù.

Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ wọn ojú náà, kí wọ́n lè mọ dígí tuntun tó máa bá a mu. Dókítà Marcel wo ìwé, ó wo ojú, ó tún wo ìwé. Ó bá Mọ́síùrá sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó wa, ó ní ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ lójú yìí rí?"

"Láéláé!"

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. "Ó ní ta ló wá rán an? Ó ní òun ń rí ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gbà yípo, bí etí aṣọ."

Ràmílátù fọwọ́ bo ojú náà. Ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ní 1996, ewé àgbàdo ya á lójú ní Ògbómọ̀ṣọ́, ojú náà kẹ̀, awọ iwájú ẹ̀ sì bàjẹ́. Ìbàdàn ni wọ́n ti gé awọ yẹn kúrò, tí wọ́n rán ti ẹni tó ti kú sí i. Òun àtọkọ ẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ìyá ọkọ ẹ̀ kì í tiẹ̀ fọwọ́ kan aṣọ òkú. Ta ló máa sọ fún un pé ojú òkú ni ìyàwó ilé fi ń wo ọbẹ̀ tó ń jẹ?

"Ó ní tó ò bá sọ òótọ́, ìwọ̀n tí ẹ̀rọ gbé jáde lè tàn wọ́n jẹ, wọ́n á fi dígí tí ò bá ẹ mu sí i. Èyí tí wọ́n rán yẹn náà lè bàjẹ́, o ò sì ní ríran mọ́."

Ràmílátù fi ìbòrí nu òógùn. Kí ló fẹ́ fi ìtìjú ṣe tójú bá fọ́ tán?

"Ẹyinfúnjowó, ẹ má bínú. Wọ́n rán an. Òkú ló ni ín."

Mọ́síùrá pàtẹ́wọ́.

"Áà! Abájọ! Gbogbo ìgbà tí mo bá yọ́ mú ẹran nínú ìkòkò ẹ, ẹni méjì ló ń ṣọ́ mi!"

"Ẹ ò bínú?"

"Sí kí ni? Sọ ọdún tí wọ́n rán an, jàre, dókítà ń dúró. Màmá ò ní gbọ́ lẹ́nu mi."

"Quatre-vingt-seize," Ràmílátù fúnra ẹ̀ ló fi Faransé dáhùn, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún.

Dókítà tún gbogbo ẹ̀ ṣírò, ó mú dígí mìíràn. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, ó rọra ṣe é bí ẹni tó ń yọ egungun ẹja fọ́mọ kékeré. Nígbà tí wọ́n ṣí ojú náà lọ́jọ́ kejì, ó ní èyí tí wọ́n rán ṣì mọ́ kedere.

Ràmílátù ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú. "Ẹyinfúnjowó! Ẹ ti hu ewú!"

"Panu ẹ dé! Ṣé torí ìyẹn la ṣe là ẹ́ lójú?"

Nínú takisí, Ràmílátù tẹ́ ọwọ́. "Ẹ bá mi ṣe àdúà fún ẹni tó fún mi lójú yẹn. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n ṣe é rí."

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n."

"Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere," ni Mọ́síùrá wí.

Dẹ́rẹ́bà, ọmọ Jùlá ni, ẹ̀yà mùsùlùmí ibẹ̀, kò gbọ́ Yorùbá kankan. Àmọ́ ó rí ọwọ́ tí wọ́n tẹ́, òun náà bá mú ọwọ́ kan kúrò lórí ìdarí ọkọ̀, ó fi pa ojú.

"Amiina!"