Ọbẹ̀ Rẹ Kò Dùn

Láti ìgbà tí ìyàwó télọ̀ ti kú, Sátidé nìkan ni ilé rẹ̀ ń gbọ́ ohùn ènìyàn. Ọjọ́ náà ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, máa ń mú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì wá sọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kì í jẹ oúnjẹ bàbá àgbà.

"Bàbá, bí wọn ò bá tún jẹun lónìí, ọ̀dọ̀ ìyá bàbá wọn ni màá máa gbé wọn lọ," nọ́ọ̀sì wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Tẹlifíṣọ̀n tí o fi ń tọ́ wọn ni kò jẹ́ kí wọ́n jẹun. Àwọn adájọ́ ibẹ̀ ń tu oúnjẹ jáde lójú ẹni tó sè é."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ìdíje oúnjẹ ṣíṣe ni, bàbá. Kò síjà, kò síhòòhò. Ẹ jókòó tì wọ́n, bóyá ẹ̀yin náà á mọ ọbẹ̀ sè."

Ẹni tó ti fi ogójì ọdún há abẹ́rẹ́ sẹ́nu mọ bí a ṣe ń dákẹ́.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ, ó jókòó tì wọ́n nídìí tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin kan nínú ìdíje náà gbé àwo ọbẹ̀ síwájú adájọ́. Adájọ́ tọ́ ọ wò. "Ọbẹ̀ rẹ kò dùn. Bọ́ aṣọ ìdáná. Máa lọ." Ọkùnrin náà bú sẹ́kún, àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́.

Télọ̀ wọ ilé ìdáná lọ. Ó se ìrẹsì, ó fọ ẹja ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ojú tó fi ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ ló fi ṣa egungun ẹja náà. Nígbà tó gbé oúnjẹ jáde, ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti wọ aṣọ ìdáná ìyá àgbà olóògbé, ó sì ti gbẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀ nídìí tábìlì. Ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó tu ú sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ọbẹ̀ rẹ kò dùn."

Télọ̀ kò gbọ́ "kò dùn". "Rẹ" ló gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá, "ẹ" ló fi ń bá a sọ̀rọ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ọbẹ̀ ta ni?"

"Ọbẹ̀ rẹ." Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín, adájọ́ kì í rẹ́rìn-ín. "Bọ́ aṣọ ìdáná. Máa lọ."

Àbúrò, ọmọ ọdún márùn-ún, bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá àgbà ò wọ aṣọ ìdáná, ìwọ lo wọ̀ ọ́!"

"Òótọ́ lo sọ," ni télọ̀ wí. "Ẹni tó wọ aṣọ ìdáná ni alásè. Dìde, wá dín ẹyin."

Ọmọ náà kò dín ẹyin rí. Èèpo já sínú ẹyin, etí ẹyin jóná. Télọ̀ jókòó sórí àga tó dìde lórí rẹ̀, ó gbẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó rọra jẹ ẹyin náà lẹ́nu, ó sì tu ú sí àtẹ́lẹwọ́.

"Bí ẹni jẹ iyanrìn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ! Kí ni wọ́n ń fi ẹ́ ṣe nílé? Bọ́ aṣọ ìdáná."

"Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, eré ni mò ń ṣe."

"Ẹnu tí ọmọdé fi ń ṣeré lè fa aṣọ àgbà ya. Máa lọ."

Ó bọ́ aṣọ náà lọ́rùn rẹ̀, ó tì í síta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ọmọ ń sunkún, ó ń fọwọ́ lu ilẹ̀kùn. Télọ̀ bu ìrẹsì fún àbúrò, ó dúró lé e lórí.

"Jẹ."

Àbúrò ń jẹ, omijé ń kán sínú àwo. Hóró kan kò ṣẹ́ kù.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, ẹ̀gbọ́n ló bá lórí àtẹ̀gùn, ojú rẹ̀ wú. Télọ̀ ṣílẹ̀kùn. Kò kí i. Ó gbé àwo òfìfo sókè kó lè rí i.

"Àbúrò rẹ̀ jẹun lónìí. Ó jẹ ẹ́ tán."

Nọ́ọ̀sì wo àwo, ó wo ọmọ. "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá," ló wí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó pé pérépéré. Ó yíjú sáwọn ọmọ. "Ó yá, ẹ dágbére fún bàbá àgbà. Dáadáa. Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá yín lẹ ó máa lọ ní Sátidé."

Ẹ̀gbọ́n kọ ẹ̀yìn sí i. Àbúrò ló bojú wẹ̀yìn lórí àtẹ̀gùn.

"Bàbá àgbà, ta ló wá yege?"

Ìyá rẹ̀ fà á lọ́wọ́, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ.