Oògùn Dèjì Lórí Pẹpẹ

Ọjọ́ márùn-ún! Adédèjì àbúrò mi kò fi oògùn HIV rẹ̀ kan ẹnu fún ọjọ́ márùn-ún gbáko, mi ò sì gbọ́, àfi lọ́sàn-án Sátidé tí mo gbé oúnjẹ ìṣínu lọ bá a ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Creekmouth. Ìjẹ̀bú-Òde ló ti wá kí mi ní Thames View, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ni Wòlíì Olúfúnṣọ́ bá fi í sí àwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje.

"Oògùn ẹ dà?"

"Wòlíì ti gbà á, Àǹtí. Wọ́n gbé e sórí pẹpẹ. Wọ́n ní tí mo bá nígbàgbọ́, kí n má bèèrè ẹ̀ mọ́."

Háà! Orí mi gbóná. Èmi ni mo tọ́jú Ìyá wa títí tí àrùn yìí kan náà fi pa wọ́n. Oògùn yìí wà láyé nígbà náà o, ṣùgbọ́n olówó ló ń rí i rà. A ta ilẹ̀, a ta ẹ̀rọ ìránṣọ, kò gbé wa dé oṣù mẹ́ta. Lónìí wọ́n ti pa oògùn mẹ́ta pọ̀ sínú hóró kan, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún Dèjì nílé, ó wá lọ kó o fún Wòlíì!

Mo kúnlẹ̀ níwájú Wòlíì. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e. Ẹ̀mí ò láàrọ̀ o."

"Sister Wúrà, ohun tó bá ti dórí pẹpẹ ti di ti Olúwa. Ọjọ́ méjì péré ló kù."

"Bí kòkòrò yẹn bá gbérí, tí oògùn ò ràn án mọ́ ńkọ́?"

Ó kẹ̀yìn sí mi, ó dá orin.

Obìnrin kì í gun pẹpẹ wa. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ìgbálẹ̀ mi ò kọjá àtẹ̀gùn rẹ̀ rí. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo gbé tòsì.

"Yéè! Sister Wúrà!" ni àwọn ará ìjọ tó wá gbàdúrà pariwo.

Mo ti mú ìgò oògùn náà.

"Láti òní lọ, o ò sí nínú ìjọ yìí mọ́," ni Wòlíì wí.

Ó dùn mí wọra. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Mo na hóró kan sí Dèjì. "Àǹtí, tí Ọlọ́run bá bínú ńkọ́?"

"Ṣebí èmi ni mo gun pẹpẹ? Kó bínú sí mi. Gbé e mì!"

Ó fi omi gbé e mì. Kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí mo mọ Dèjì. Mo ní kó la ẹnu. Níwájú gbogbo ìjọ, ọkùnrin ẹni ogójì ọdún la ẹnu gbàgà, ó gbé ahọ́n sókè. Mo yẹ abẹ́ ẹ̀ wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó sílẹ̀, tí mo bú sẹ́kún.