Búrẹ́dì Ni Wọ́n Mú Un Wá Ṣe

2.

…àbí kí ló dé tí ẹ fi jìnnà sí mi báyẹn? Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó wà lẹ́yìn, kó wá síwájú. Ìtàn Pò-ó-dáadáa tó ń ṣe búrẹ́dì ni. Ìyẹ̀fun tó bá fọwọ́ kàn tí kò wú, ẹjọ́ ìyẹ̀fun ni.

1. (Èyí ló yẹ kó ṣáájú.)

ÌKÉDE
A ń wá ẹni tó mọ búrẹ́dì ṣe dénú.
A wá a tì nílùú yìí.
Bó o bá wà lókè òkun, kọ̀wé sí wa. A ó ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ lọ́dọ̀ ìjọba, wàá sì gba físà iṣẹ́.
— Ọ̀gá Ilé Búrẹ́dì

3.

Pò-ó-dáadáa dé. Àpò kan, kóòtù kan. Ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀ ṣì wà nílé, wọ́n ń retí kó ránṣẹ́ pè wọ́n.

4.

OHUN TÍ ÌJỌBA SỌ FÚN Ọ̀GÁ
Ẹni tí ẹ mú wá ṣe búrẹ́dì, búrẹ́dì ni kó máa ṣe.
Bí a bá bá a lẹ́nu iṣẹ́ mìíràn, a ó gba àṣẹ tí ẹ fi ń mú òṣìṣẹ́ wá láti òkè òkun lọ́wọ́ yín. Òun á padà sílé.
A lè yọjú nígbàkúùgbà.

5.

Ìyá Agbálẹ̀ tó ń gbálẹ̀ nílé búrẹ́dì náà ti dàgbà. Bó bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ a dún *kẹ́ẹ́* bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ṣé ọmọ tí a bí, tí a kọ́, á wá dúró máa wò ó?

PÒ-Ó-DÁADÁA: Màmá, ẹ mú ìgbálẹ̀ wá.
ÌYÁ AGBÁLẸ̀: Fi mí sílẹ̀ jàre! Ṣé iṣẹ́ mi lo fẹ́ gbà ni?
PÒ-Ó-DÁADÁA: Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ máa kọrin fún mi.
ÌYÁ AGBÁLẸ̀: Ẹn-ẹ́n! Ìyẹn ni mo mọ̀.

6.

*Pò ó, pò ó, bò ó kó sùn,*
*ìyẹ̀fun tó sùn ló ń wú.*
*Pò ó, pò ó, ọmọ àlejò,*
*ọwọ́ tó pò ó ni yóò jẹ ẹ́.*

7.

Ìyẹ̀fun ń sùn lábẹ́ aṣọ. Alábẹ̀wò ìjọba wọlé wẹ́rẹ́. Ta ló bá tó di ìgbálẹ̀ mú?

8.

Ẹ má dá mi lóhùn.

9.

ÈSÌ ÀBẸ̀WÒ
Ilẹ̀ ni a bá a tó ń gbá. Ṣé agbálẹ̀ lẹ lọ mú wá láti òkè òkun? A ó tún wá. Lẹ́yìn náà, ìpinnu.

10. (Lórí fóònù)

ÌYÀWÓ: Bàbá ọmọ mi, ṣé torí ìgbálẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ lé yín?
ỌKỌ: Àgbàlagbà ló ń gbálẹ̀ níwájú mi.
ÌYÀWÓ: Bẹ́ ẹ bá tún fọwọ́ kàn án, èmi àti ọmọ yín ò dé ọ̀hún mọ́ nìyẹn.
ỌKỌ: Mo ti gbọ́.
ÌYÀWÓ: Nílé wa níbí, ẹ ò di ìgbálẹ̀ mú rí!

11.

ÒFIN TUNTUN
Pò-ó-dáadáa kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìgbálẹ̀.
Kò gbọdọ̀ wò ó.
Bí àánú bá ṣe é, kó dijú.
— Ọ̀gá

12.

Alábẹ̀wò padà dé. Pò-ó-dáadáa wà nídìí ìyẹ̀fun, ó dijú pinpin. Ìyá Agbálẹ̀ wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbálẹ̀.

*Kẹ́ẹ́.*

Ọwọ́ Pò-ó-dáadáa dúró. Ó rántí ọmọ rẹ̀. Ó ń pò ó lọ.

*Kẹ́ẹ́.*

Òógùn ń ṣàn wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

ALÁBẸ̀WÒ: Ẹ mú un wá, Màmá.
ÌYÁ AGBÁLẸ̀: Mú kí ni wá?
ALÁBẸ̀WÒ: Ìgbálẹ̀ náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó.
ÌYÁ AGBÁLẸ̀: Ìwọ náà? Ṣé agbálẹ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé iṣẹ́ tìẹ?

13.

Alábẹ̀wò gbálẹ̀ dé abẹ́ tábìlì.

14.

Ọ̀gá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Alábẹ̀wò tẹ̀ lé e. Búrẹ́dì jáde, wọ́n jẹ ẹ́ ní gbígbóná, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọwọ́.

15. (Lórí fóònù)

ÌYÀWÓ: Kí ni alábẹ̀wò wá sọ?
ỌKỌ: Kò tíì sọ nǹkan kan. Ó ní kí n di búrẹ́dì fún ìyàwó òun.
ÌYÀWÓ: Ṣé kí n máa di ẹrù?


16.

Ilé yá. Alábẹ̀wò lọ, ó gbé búrẹ́dì sábíyá. Ìyá Agbálẹ̀ lọ, ó ń kọrin. Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn. Gbogbo wọn ló yó. Lókè òkun lọ́hùn-ún, obìnrin kan ṣí àpótí sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ká aṣọ ọmọ kan sínú rẹ̀, ó yọ ọ́, ó tún ká a padà.